Àwọn Ìwé Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Ní Ilé Iṣẹ́ Irin

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá gbó ní oko Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, tí ẹyìn sì kún ẹbu, kò sí ohun tí ń ba ọkàn àgbẹ̀ jẹ́ bí kí ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni; láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí dúdú, kò sì ní dára fún gàrí mọ́. Ẹyìn tí a ti gé pẹ̀lú, bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ kí a tó sè é, epo rẹ̀ a kan, iye owó rẹ̀ a sì wálẹ̀ ní ọjà. Síbẹ̀, bí a bá tú ẹ̀rọ tí ó dákẹ́ náà wò, a lè rí i pé gbogbo ara rẹ̀ ni ó le, àfi kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan tí eyín rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti ṣẹ́. Nítorí eyín wọ̀nyí ni a ó ṣe gbé ẹrù lọ sí Èkó, tí a ó máa wá irú rẹ̀ kiri láàrin irin àlòkù, tí iṣẹ́ oko yóò sì dúró.

Ẹni tí ó bá ti ka Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 13, yóò rántí ìpọ́njú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní ọjọ́ tí kò sí alágbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ wọn, tí wọ́n fi ní láti sọ̀kalẹ̀ tọ àwọn ará Fílístíà lọ kí wọ́n tó lè pọ́n ohun-èlò oko wọn. Ìlú tí kò lè tún irin rẹ̀ ṣe, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìkórè rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò wọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ohun tí ó wọ́n ni ìwọ̀n àti ìṣirò tí ń sọ irin di kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó péye. Inú ìwé ni ìwọ̀n náà wà.

OHUN TÍ KẸ̀KẸ́ ELÉYÍN Ń ṢE

Kẹ̀kẹ́ irin tí a gé eyín sí lẹ́tì yíká ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní jíà. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ kò sábà ní in. Bẹ́líìtì ni ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnì náà ní tirẹ̀ nínú. Bẹ́líìtì dára níbi tí a bá ti ń fẹ́ ìyára, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo jù, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Níbi tí a bá ti ń fẹ́ agbára ńlá pẹ̀lú ìyípo jẹ́jẹ́, bí ti ẹ̀rọ tí ń fún àdín lára ekùrọ́, tàbí èyí tí ń po kọnkéré, kẹ̀kẹ́ eléyín ni a ń lò, nítorí pé eyín kì í yọ̀.

Kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ẹ́ńjìnì kan ń yí ní ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ìgbà 65 péré ni a fẹ́ kí ọ̀pá tí ń fún àdín máa yí. Bí kẹ̀kẹ́ eléyín 20 bá ń yí eléyín 50, 650 di 260. Bí kẹ̀kẹ́ eléyín 18 tí ó wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú eléyín 50 yẹn bá sì ń yí eléyín 72, 260 di 65. Ìyára ti dín kù, ó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, agbára ìyípo sì ti di ìlọ́po mẹ́wàá, bí a bá yọ díẹ̀ tí ó ṣòfò nítorí pé irin ń ha irin. Ìṣirò pínpín àti ìlọ́po ni èyí; ọmọ ilé-ìwé lè ṣe é.

ÌDÍ TÍ OJÚ ÀTI ỌWỌ́ NÌKAN KÒ FI TÓ

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe àlejò sí iṣẹ́ iná. Láti ìgbà láéláé ni àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ibẹ̀ ti ń fi ìda oyin mọ ère, tí wọ́n ń fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n ń yọ́ ìda náà jáde, tí wọ́n sì ń da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe agogo idẹ àti ẹdan Òṣùgbó tí a ń tọ́jú sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Ṣùgbọ́n agogo kan kò ní láti bá agogo mìíràn pàdé ní eyín. Bí ó bá kéré díẹ̀ tàbí tóbi díẹ̀, yóò dún síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ eléyín kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni láti mú kẹ̀kẹ́ tí ó ti bàjẹ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn, kí wọ́n sì da irin yíyọ́ sí ojú àpá rẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Gbogbo irin yíyọ́ ni ó ń súnkì bí ó ti ń tutù: irin dídà súnkì ní bí 1 nínú 100, alùmíníọ̀mù ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, idẹ ní bí 1½ nínú 100, sítíìlì tí a dà ní bí 2 nínú 100. Nítorí náà kẹ̀kẹ́ irin dídà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 200, bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ 198. Bí a bá tún fi ọmọ náà ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ-ọmọ yóò jẹ́ bí 196. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, eyín tí ó ti jẹ lára àtijọ́ ni yóò tún hàn lára tuntun. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa han, yóò máa gbóná, yóò sì jẹ eyín kẹ̀kẹ́ kejì tí kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó rò pé òun fi owó pamọ́ yóò wá ra méjì dípò ọ̀kan.

Iṣẹ́ tí ìwé ń ṣe nìyí: kì í jẹ́ kí a ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun láti ara òkú èyí àtijọ́, bí kò ṣe láti inú ìwọ̀n tí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é lò.

ÌṢIRÒ KAN TÍ ÓÓ ṢÍ ÌLẸ̀KÙN

Kí a ka iye eyín kẹ̀kẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn tí ó ti ṣẹ́. Kí a fi kálípà wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti ṣóńṣó eyín kan dé ṣóńṣó èyí tí ó kọjú sí i. Kí a fi 2 kún iye eyín, kí a sì fi àpapọ̀ rẹ̀ pín fífẹ̀ náà. Èsì rẹ̀ ni ìwọ̀n tí àwọn ìwé ń pè ní module. Bí eyín bá jẹ́ 24, tí fífẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 78, a ó fi 26 pín 78, èsì rẹ̀ jẹ́ 3. Láti inú 3 yìí ni gbogbo ìyókù ti ń jáde. Òbìrí tí eyín ti ń pàdé yóò jẹ́ 3 lọ́nà 24, èyí ni 72. Jíjìn eyín yóò jẹ́ 3 lọ́nà 2¼, èyí ni 6¾. Bí kẹ̀kẹ́ kejì bá ní eyín 60, láti àárín ọ̀pá kan dé àárín ọ̀pá kejì yóò jẹ́ ìdajì 3 lọ́nà 84, èyí ni 126.

Ohun mẹ́ta ni kí a ṣọ́ra fún. Èkíní, bí iye eyín kò bá ṣe é pín sí méjì dọ́gba, bí 25 tàbí 27, ṣóńṣó kan kò ní kọjú sí ṣóńṣó mìíràn; láti àárín ihò ni kí a wọ̀n dé ṣóńṣó, kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Èkejì, ẹ̀rọ àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà sábà máa ń lo íǹṣì. Nínú ti íǹṣì, iye eyín tí a fi 2 kún ni a ó fi fífẹ̀ pín: eyín 30 tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4 yóò fúnni ní 8, èyí tí àwọn ìwé ń pè ní diametral pitch. Bí a bá fi mìlímítà wọn ọ̀kan nínú wọn, tí èsì sì jẹ́ 3.175 dípò 3, kí a mọ̀ pé kì í ṣe pé ó jẹ tàbí pé a ṣìrò. Ti íǹṣì ni. Ẹ̀kẹta, dídà ẹ̀gbẹ́ eyín kò rí bákan náà lára gbogbo kẹ̀kẹ́. Ti òde òní sábà jẹ́ díkírì 20, ti àtijọ́ púpọ̀ jẹ́ díkírì 14½. Bí a bá fi ọ̀kan pàdé èkejì, wọn kì yóò bá ara wọn ṣiṣẹ́ dáradára, bí iye eyín àti ìwọ̀n wọn tilẹ̀ bára mu.

ÀWỌN ÌWÉ NÁÀ

Èyí tí ó jẹ́ olórí ni Machinery's Handbook. Ilé-iṣẹ́ Industrial Press ní New York ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1914. Erik Oberg àti Franklin Jones ni ó tò ó jọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń tún un ṣe, a sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní; ojú-ìwé rẹ̀ ti lé ní ẹgbàá, èyí ni 2,000. Kì í ṣe ìwé tí a ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí alámáńáákì ti rí fún àgbẹ̀ ni ó rí fún oníṣẹ́ irin: a ń ṣí i sí ibi tí a ń fẹ́. Níbẹ̀ ni a ti ń rí ìwọ̀n bóòtì àti nọ́ọ̀tì, bí irin kọ̀ọ̀kan ti ń súnkì, bí a ti ń mú irin le nínú iná, àti gbogbo ìṣirò jíà.

Èkejì ni Practical Treatise on Gearing, tí ilé-iṣẹ́ Brown & Sharpe ti Providence ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1886. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kedere, nítorí àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn gé eyín ni a kọ ọ́ fún. Ìtẹ̀jáde àtijọ́ ìwé yìí àti ti èkíní wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà àìlówó kò lè dá ẹni tí ó ní fóònù dúró.

Ẹ̀kẹta ni Gears and Gear Cutting, tí Ivan Law kọ, tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1988. Ìwé kékeré ni, ó sì dára fún ilé iṣẹ́ kékeré. Ó ń kọ́ni bí a ti ń gé eyín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti bí a ti ń fi ọwọ́ ara ẹni ṣe ọ̀bẹ tí a ó fi gé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mẹ́jọ ni ó wà fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, nítorí ìrísí eyín ń yí padà bí iye rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Nínú ti íǹṣì, ọ̀bẹ 1 wà fún eyín 135 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀bẹ 8 sì wà fún 12 àti 13. Nínú ti module, ìdàkejì rẹ̀ ni. Fún kẹ̀kẹ́ eléyín 24, ọ̀bẹ 5 ni a ń lò nínú ti íǹṣì, ọ̀bẹ 4 nínú ti module. Ẹni tí kò bá ka ìwé yóò ra èyí tí kò lè lò.

Ìpín òbìrí sí ọgbọọgba pẹ̀lú kì í ṣe iṣẹ́ ojú. Orí ìpín tí a ń dè mọ́ ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́ kí a yí ọwọ́ rẹ̀ ní ìgbà 40 kí irin tó yí ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí eyín bá jẹ́ 24, a ó fi 24 pín 40, èyí tí í ṣe ẹ̀kan àti ìdá méjì nínú mẹ́ta: ìyípo kan gbáko, àti àlàfo 12 lórí òbìrí oníhò 18. Bí a bá gé eyín kan, a ó yí i bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣe é ní ìgbà 24, a ó padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ láìyẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni How to Run a Lathe, ti ilé-iṣẹ́ South Bend. Ẹ̀rọ léèdì, tí ń yí irin kí a lè gé e róbótó, ni ó ń kọ́ni ní lílò rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gé eyín dáradára sí ara irin tí kò kọ́kọ́ rí róbótó. A tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ti 1942 wà lára èyí tí a lè rí. Àwòrán rẹ̀ pọ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò jinlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni Workshop Technology, tí W. A. J. Chapman kọ ní apá mẹ́ta láti àwọn ọdún 1940. Ìwé ilé-ìwé ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí fáìlì àti òòlù, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé orí ẹ̀rọ ńlá.

Ẹ̀kẹfà ni ìwé méje tí Dave Gingery, ará Missouri, bẹ̀rẹ̀ sí kọ láti 1980. Ó fi hàn bí ẹni tí kò ní owó púpọ̀ ti lè fi èédú yọ́ alùmíníọ̀mù àlòkù, kí ó sì fi ṣe ẹ̀rọ léèdì, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ mìíràn, títí dé orí ìpín tí a mẹ́nu kàn lókè. Àwọn tí ń rọ ìkòkò alùmíníọ̀mù ní ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ìdajì tí ó kù ni ìwé náà fi kún un.

Ní ti ìwé Earle Buckingham ti 1949 àti ti Darle Dudley ti 1962, ti onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n, ìṣirò wọn jinlẹ̀. Kí a fi wọ́n sílẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi là.

BÍ A Ó TI KÀ WỌ́N

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé wọ̀nyí, èyí sì ni òkè tí ó ga jù. Ọ̀gá tí ó mọ irin lè má mọ ìwé; ọmọ tí ó mọ ìwé lè má tí ì di òòlù mú rí. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ wà ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. NABTEB, tí a dá sílẹ̀ ní 1992, ni ó sì ń ṣe ìdánwò fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìsinmi, kí ó ka ojú-ìwé kan fún bàbá rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀, kí ọ̀gá fi irin dán an wò lójú rẹ̀. Ọmọ yóò gba ọwọ́, ọ̀gá yóò gba ìṣirò, kò sì sí ẹni tí yóò pàdánù.

Kí a má sì ṣe kó ìwé jọ fún ẹ̀ṣọ́. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tí ó ka orí kan lórí jíà ní ìgbà mẹ́wàá, tí ó sì gé kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, ó sàn ju ẹni tí ó ní ìwé mẹ́wàá lórí pẹpẹ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé iṣẹ́ yìí ga ju Nàìjíríà lọ. Ní 1947 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Yábàá. Ní 1956 ni ilé ìwádìí iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Òṣòdì bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí a ti ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ti máa ṣe gàrí. Ní 1980 ni a dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, láti máa ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀nà náà ti là. Àwọn tí yóò rìn ín dé abúlé ni ó kù.

ÌṢỌ́RA

Kẹ̀kẹ́ eléyín kò mọ irin yàtọ̀ sí ìka ọwọ́. Kí a fi páànù bo ibi tí eyín ti ń pàdé. Kí ẹni tí ó wọ agbádá, ìró tàbí ìborùn gígùn má ṣe sún mọ́ ọn. Kí a pa ẹ́ńjìnì kí a tó tọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ. Kí gíríìsì má ṣe kán sínú gàrí tàbí epo.

Ẹni tí ń yọ́ idẹ, kí ó ṣe é ní ìta níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Èéfín funfun tí ń jáde lára rẹ̀ máa ń fa ibà àti òtútù ní alẹ́ ọjọ́ náà, a sì máa ń ṣì í pè ní ibà ẹ̀fọn. Kí omi má ṣe kan irin yíyọ́, kí amọ̀ àti iyanrìn gbẹ dáadáa, nítorí omi tí ó di oru lójijì yóò tú irin gbígbóná ká.

ÌWÉ TÍ OLÚKÚLÙKÙ YÓÒ KỌ FÚNRA RẸ̀

Ó ku ìwé kan tí a kò lè rà. Kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀. Nígbàkúgbà tí kẹ̀kẹ́ eléyín kan bá wọlé, kí a kọ orúkọ ẹ̀rọ tí ó ti wá, iye eyín rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n module rẹ̀, fífẹ̀ ihò àárín rẹ̀, nínípọn rẹ̀, irú irin tí a fi ṣe é, àti ọjọ́ tí a parí rẹ̀. Bí ó bá padà wá, kí a kọ ìdí rẹ̀. Alẹ́ẹ̀rọ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà ìkórè; ní àkókò tí iṣẹ́ kò pọ̀ ni kí ó tú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó ka eyín, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo eyín ṣì pé. Ní ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ yóò ti wà ní ọwọ́, alágbẹ̀dẹ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gẹ́ kò sì ní rà.